Ejìká Ọwọ́fúyẹ́

Agẹrun ni ọkùnrin yìí. Ọwọ́fúyẹ́ ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí bí ó bá ti gbé ọwọ́ lé ènìyàn lórí, oorun ni yóò dé kí irun tó bọ́ tán. Àgbà mìíràn a hanrun lórí àga rẹ̀ títí, bí wọ́n bá jí, wọn a ní àwọn kò sùn.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ejìká ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní lè gbé ọwọ́ kọjá àyà. Ó wá ń fi ọwọ́ òsì ti ìgúnpá ọ̀tún sókè kí ó tó lè kan àtàrí oníbàárà. Lọ́jọ́ tí ó gé tíṣà kan létí fẹ́rẹ́, tíṣà ní kò burú, ṣùgbọ́n Ọwọ́fúyẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó jókòó sí àga àwọn oníbàárà, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ ọmọ, kò sì mọ òmíràn ṣe. Bí ejìká bá kọ̀ tí kò san, àfi kí ó pa iṣẹ́ tì, èyí sì dùn ún ju ejìká lọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin dá fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bi. Kò sì parọ́, fóòmù náà ti jìn láàárín débi pé ẹni tó bá sùn sí etí rẹ̀, àárín ni yóò jí sí. Ọmọ yìí kò bèṣù bẹ̀gbà, ó ra tuntun wálé, èyí tó ki tí kì í rì. Ẹ̀yìn tó ti ń ro ìyá rẹ̀ tipẹ́ dákẹ́. Ejìká bàbá kò gbọ́.

Ni tọkọtaya bá kọrí sí ilé ìwòsàn. Dókítà, obìnrin kan tí ara rẹ̀ balẹ̀, ní kí bàbá gun bẹ́ẹ̀dì kí ó sùn bí ó ṣe ń sùn nílé. Ó bọ́ bàtà, ó gbé gbogbo ara lé ejìká ọ̀tún. Dókítà ní ọ̀rọ̀ ti yé òun. Ẹni tó bá ń gbé ara le ejìká tó ń dùn ún mọ́jú, kò sí fóòmù tó lè gbà á. Kí ó máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, kí ó gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà, kí ọwọ́ ọ̀tún sinmi lé e. Bàbá fi àáké kọ́rí pé òun kò lè ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí.

Ìgbà tí wọ́n délé ló jókòó tì í létí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí lẹ̀gbẹ́ òsì fi ṣe yín?"

Bàbá rọra fọhùn. "Ṣé o rántí ẹja?"

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra, ìyàwó fi sísọ́ọ̀sì ìgẹrun tuntun gé ìrù ẹja. Ọkọ bínú, ó ń kẹ̀yìn sí i sùn lálaalẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jí, ó bá ẹrù ìyàwó ní dídì lẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ̀bẹ̀ títí ìyàwó fi tú u.

"Lọ́jọ́ tí o di ẹrù, o ní ojú lọ̀rọ̀ wà, kí ni mo fẹ́ kó o bá ẹ̀yìn sọ. Látìgbà yẹn ni mi ò ti jẹ́ kó o wo ẹ̀yìn mi mọ́."

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ìyàwó ló ń sùn sí ẹ̀bá ògiri, ọkọ ló ń sùn sí ìhà ilẹ̀kùn bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Kí ó tó lè kọjú sí i, ejìká ọ̀tún gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Ìyàwó rántí ẹrù, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé pé òun sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún ń nu ojú. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é, ìfẹ́ rẹ̀ sì tún kún inú rẹ̀. Ló bá fa ìrọ̀rí rẹ̀ kúrò lẹ́bàá ògiri, ó gbé e sí ìhà ilẹ̀kùn.

"Ẹ bọ́ sẹ́bàá ògiri."

"Ta ló máa wá ṣọ́ ilẹ̀kùn?"

"Olè wo ló ń jí arúgbó? Ẹ sún."

Ejìká kò san lójọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ìrora ń lọ, títí ó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù padà, tíṣà sì ni ó kọ́kọ́ wá jókòó. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé yẹn, bàbá bọ́ sẹ́bàá ògiri, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn. Ọwọ́ ọ̀tún tó ti ń sùn lé láti ìgbà ẹja wá wà lófìfo. Ó rọra nà án, ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lórí. Kò pẹ́ tí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Nígbà tó jí, ó ní òun kò sùn.