Ẹ̀gbà Wúrà Tí Mo Wá Fún Ọjọ́ Mẹ́rin

Yanrìn la máa ń wà nínú ọ̀sà ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, èmi àti ọkùnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan tó jù mí lọ. Èmi ló ń wọ omi pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Òun á dúró nínú ọkọ̀, á di okùn tí a so mọ́ mi ní ìbàdí mú, bí mo bá ti fà á lẹ́ẹ̀mejì, á fà mí sókè. Ẹni tó ń di okùn mú fún ọ, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ wà. "Ẹ̀yin" ni mò ń pè é nígbà náà. Ọ̀wọ̀ yẹn ti tán.

Lọ́jọ́ kan, mo bá ẹ̀gbà ọwọ́ kan nínú yanrìn tí mo bù, ó wúwo, wọ́n fín ẹja yí i ká. Wúrà ni. Tíṣà àgbà kan ládùúgbò wa wò ó títí, ó ní ó ṣeé ṣe kó ti wà kí wọ́n tó tẹ ìlú wa dó, pé ká mú un lọ bá àwọn ìjọba ní Ẹ̀pẹ́, wọn ò ní jẹ́ ká lọ lọ́wọ́ òfo. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Etí mi òsì ti ń ro mí tipẹ́, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí mi ò bá fi omi sílẹ̀, yóò di. Ohun tí wọ́n bá fún wa ni màá fi wá iṣẹ́ orí ilẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin ará Ẹ̀pẹ́ yẹn la fi ẹ̀gbà náà sí lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ajé tó yẹ ká lọ, mo bá a nínú ọkọ̀ níbi tí a ti ń wa yanrìn, ó ń sunkún. Ó ní òun ní kí òun fọ̀ ọ́ kó mọ́, ló bá bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ sínú ọ̀sà. Èmi ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá a. Mò ń fi ọwọ́ tú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, òun ń di okùn mú lókè. Bí mo bá ti yọrí, á ní, "Ṣé o rí i?" Màá ní rárá, ẹ jẹ́ ká tún lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ jáde létí mi. Ó fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún, ó ní kí n má pa ara mi nítorí ohun ayé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òmùgọ̀ èmi.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo pàdé ìyàwó rẹ̀ lọ́jà ẹja Ẹ̀pẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún mi.

"Ọlọ́run á san án fún yín," ó ní. "Bàbá àwọn ọmọ mi sọ pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i kí àwọn ta ẹ̀gbà yẹn. Owó rẹ̀ la fi kan òrùlé wa."

Mo bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n tà á. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, fún oníwúrà kan ní Ìkòròdú, ó sì yọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Kò mọ ohun tó ń sọ, obìnrin dáadáa ni, nítorí náà mo ní kó dìde. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Tèmi, inú ọkọ̀ ló dúró sí.

Mo pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Mi ò béèrè wúrà. Mo kàn bi í pé kí ló dé tó jẹ́ kí n wọ omi lọ́jọ́ kẹrin.

Ó ní, "Ìwọ lo ní ká tún lọ."

Etí ọ̀tún ni mo fi gbọ́ ọ. Ti òsì ti di.