Àyè Màmá Lórí Àpáta

Iṣẹ́ òkúta ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Ìjọba ló gbà mí, kí n máa wá ibi tí a ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí fún àwọn ìlú káàkiri Èkìtì. Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ní Adó, máa ń ní òun kò mọ̀ pé ẹni tó ń lá òkúta lòun ń fẹ́. Òótọ́ ni, mo máa ń lá a. Bí òkúta bá tutù, àwọ̀ rẹ̀ á hàn kedere, itọ́ sì wà lẹ́nu lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó tún ń bí i nínú ni pé n kì í tètè délé. Ìlú tí mo bá dé, n ó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n wà, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi ní èmi nìkan ni wọ́n rán lọ wá omi tó ń gbé ìtàn bọ̀.

Àpáta kan wà lẹ́yìn Ìjàn, ìlú tí wọ́n bí mi sí, tí àwọn obìnrin ń sá láfún sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Olúkúlùkù ló ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Ìyá ọkọ ló ń fi í sílẹ̀ fún ìyàwó ọmọ. Kò sí àmì kankan, wọn kì í sì í ṣì í. Ṣùgbọ́n àyè tí ẹ̀ẹ̀rùn bá kọjá lórí rẹ̀ láìrí láfún, ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì, orúnkún màmá mi kọ̀ jálẹ̀, wọn ò lè gun àpáta mọ́, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti ń parí lọ. Wọn ò bẹ̀ wá. Wọ́n kàn ń béèrè lórí fóònù lójoojúmọ́ bóyá òjò ti rọ̀ l'Adó.

Ìyàwó mi ní òun ò bó ẹ̀gẹ́ rí, pé láfún kún ọjà Òkè-Ìlá l'Adó fọ́fọ́. N kò bá a jà. Láti ìgbà tí ọmọ wa kan ṣoṣo ti lọ sí Kánádà, ọ̀rọ̀ kékeré ti ń dùn ún. Mo ní kó kàn bá mi lọ, kó jókòó sínú mọ́tò. Mo ra ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n sì ti fún, a gbọ̀nà Ìjàn.

Màmá ti ní kí n béèrè àyè náà lọ́wọ́ ìyá tí wọ́n jọ pààlà. Kí ni mo fẹ́ béèrè? Ta ló mọ òkúta jù mí lọ? Mo rí ibi tó dúdú, tó sì dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Irú ibẹ̀ ló ń tètè gbóná, omi kì í dúró sí i. Mo tẹ́ ẹ̀gẹ́ mi rẹrẹẹrẹ.

Ìyá yẹn dé. Wọn ò bínú, wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n wá ní àyè tàwọn ni mo sá a sí. Tiwa ni kòtò funfun kan lápá òkè, tí ìrì kì í gbẹ níbẹ̀ títí di ọ̀sán. Wọ́n bá mi kó o, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tó kù níbẹ̀ ní àwọn ò rí ọkùnrin tó ń sá láfún rí, ká má tíì sọ èyí tó wọ bàtà sójà.

Inú ń bí mi délé. Mo sọ fún Màmá pé ibi tó burú jù lórí àpáta ló kàn wọ́n, pé kí ló dé tí wọn ò béèrè pààrọ̀. Màmá ní ìyá yẹn ti fi pààrọ̀ lọ àwọn nígbà kan, àwọn ni àwọn kọ̀.

"Ibẹ̀ ni mo ti ń rí ọ̀nà Adó," ni wọ́n wí, "nígbà tí o wà ní ulé uwé l'Adó. Bí mọ́tò bá ti yọ, n ó ti mọ̀ bóyá o wà nínú ẹ̀."

Ìyàwó mi tó ń bu ọbẹ̀ gbé ìgbákọ sílẹ̀, ó wá jókòó ti Màmá.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi ló jí mi. Ẹ̀gẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ bó, tó rẹ, tó sì fún ti wà nínú búùtù mọ́tò. Ó gun àpáta náà, ó ń tẹ́ ẹ wúruwùru, ìyá alájọpààlà wa ń kọ́ ọ. Èmi bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, mò ń lá òkúta. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti pa iṣẹ́ tì, ó fọwọ́ ṣíji bo ojú, ó ń wo ọ̀nà Adó.

Àwa méjèèjì mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ò dé Kánádà. N kò pè é. Mo rọra tẹ́ èyí tó kù.