Epo Ni Wọ́n Wá Ṣọ́

Mo ń fọ aṣọ àwọn òyìnbó ilé-iṣẹ́ epo kan ní Líbíà láàárọ̀ ọjọ́ tí ogun dé. Ilẹ̀ mì, gíláàsì fèrèsé sì fọ́ sínú omi ọṣẹ mi. Akin ọkọ mi, tó ń ṣe bíríkìlà fún ilé-iṣẹ́ kan náà, sáré wọlé, símẹ́ǹtì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ́sẹ̀, fi aṣọ yẹn sílẹ̀! Ó yá, ká lọ!"

A sáré dé èbúté. Àwọn òyìnbó ń wọ ọkọ̀ ojú omi, tàwọn tajá wọn. Akin dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìyàwó mi nìkan."

"Kí ìjọba yín wá kó yín," ni ọ̀gá náà wí, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Akin yìí ló kọ́ ilé tí ọ̀gá náà ń gbé!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò rí i, ẹ gbọ́: àwọn ọmọ ogun wà nílùú náà. Wọ́n tò yí àwọn táǹkì epo ká, ìbọn lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn jàǹdùkú ń jálẹ̀kùn àwa aláwọ̀ dúdú, tí à ń ké, ẹnìkan nínú àwọn ọmọ ogun náà kò yísẹ̀ kúrò nídìí táǹkì. Epo ni wọ́n wá ṣọ́.

A wọ ọkọ̀ akẹ́rù gba aṣálẹ̀, a forí lé ẹnubodè. Omi tán. A bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi inú ràdíátọ̀. Akin kò mu tirẹ̀. Ó ń ti ike rẹ̀ sí mi lẹ́nu.

"Mu ún. Ẹni méjì lò ń mu ún fún."

Ó kú ká tó dé ẹnubodè. Ọwọ́ la fi gbẹ́lẹ̀ tá a sin ín sí.

Tẹlifíṣọ̀n kan ń sọ̀rọ̀ ní àgọ́ tí wọ́n kó wa sí lẹ́nubodè. Mo rò pé wọ́n á sọ̀rọ̀ wa. Rárá o! Bí epo ṣe gbówó lórí ni wọ́n ń sọ. Àwọn olórí ilẹ̀ ńláńlá ti ṣèpàdé, wọ́n ní ọkàn àwọn kò balẹ̀ nítorí epo. Inú bí mi débi pé ẹkún kò jáde.

Bìní ni mo padà sí, mo ń ránṣọ ní Siluko Road. Orílẹ̀-èdè tiwa náà ń wa epo. Síbẹ̀, bí àwọn ilẹ̀ elépo bá ń jà lókèèrè, tàbí tí wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan pé àwọn á dín èyí tí wọ́n ń tà kù, owó ọkọ̀ á fò sókè níbí, a ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà Oliha. Wọ́n á ní bí ọjà ṣe rí nìyẹn. Ọjà wo? Mo ti rí ohun tí wọ́n ń ṣe kí ọjà yẹn má bàa dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò síná, epo sì ti wọ́n jù fún jẹnẹrétọ̀. Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Ìfẹ́, ọmọ tí mo gbé oyún rẹ̀ la aṣálẹ̀ kọjá, jókòó tì mí. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ èdè Bìní àti Pidgin ló yá a lẹ́nu.

"Mummy, where una bury my papa?"

Mo rántí ibẹ̀. Kò sígi, kò sí òkúta.

"Iyanrìn ni, ọmọ mi. Iyanrìn nìkan ni."

Ó sún mọ́ mi. A jókòó bẹ́ẹ̀ nínú ooru.