Ibú Tí A Kì Í Da Àwọ̀n Sí

Ẹ bá mi júbà gbólóhùn kan tó ju adé lọ: "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀!" Òun ló ń gbé alákọ̀wé ró! Òun ló ń sọ ẹni tí kò ní fìlà di ọba! Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ibi tó gbé mi dé.

Láti Kétu ni wọ́n ti gbé mi wá sí Ṣábẹ láti wá ṣe mẹ́tìrì, olùkọ́ àwọn ọmọdé, nígbà ìyípadà ìjọba, tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámáráàdì. Aṣojú ìjọba àdúgbò, tí à ń pè ní délégé, ní kí n wá ṣe ògbufọ̀. Ó fẹ́ kí àwọn àlejò máa wá wo àṣà àwọn ará erékùṣù kékeré kan: bí wọ́n ṣe ń hun ẹní, bí wọ́n ṣe ń yan ẹja. Òyìnbó méjì ló kọ́kọ́ mú wá.

Ìkùukùu òwúrọ̀ bo odò. Ọkọ̀ wa ń yọ́ lọ bí ohun tí à ń rí lójú àlá, àwọn òkè àpáta ń léfòó lẹ́yìn wa. Ta ni kò ní gbàgbé ara rẹ̀ níbẹ̀?

A dé ibú kan tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó béèrè ìdí tí kò fi sí àwọ̀n níbẹ̀. Ṣé mo mọ̀ ni? Rárá o! Ṣùgbọ́n ìwé tí mo kà kò jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní iwin obìnrin kan ló ń sùn síbẹ̀.

Délégé fò dìde, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé!

"Iwin? Lásìkò ìyípadà wa yìí? Ẹ da àwọ̀n sí i lónìí, kí aráyé rí i pé irọ́ ni!"

Ìyá Àdùkẹ́, ará erékùṣù náà tó ń tu ọkọ̀ wa, dáwọ́ dúró. "Iwin wo? Ẹja ló ń yé ẹyin níbẹ̀. Bí ẹ bá kó wọn lónìí, kí la ó jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ìtàn mẹ́tìrì? Àbí ẹja tiyín kì í bímọ ni?"

Ó fa ọwọ́ délégé bọ omi. Ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ ń fẹnu kan ìka rẹ̀. Ó pẹ́ kí délégé tó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bíi tọmọdé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má da àwọ̀n, kí àlejò máa wá lẹ́yìn àkókò òjò, nígbà tí ọmọ ẹja bá ti dàgbà. Ó wá wúkọ́, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, èmi lòun ń dán wò.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ fi ilé han àlejò, kó kọ́kọ́ bi onílé. Ṣé ẹnì kan nínú yín ti ṣe irú èyí rí? Ẹ má tijú, ẹ sọ tiyín fún wa.

Nítorí nígbà tí òyìnbó bi mí bóyá mo mọ̀ nípa ẹyin ẹja yẹn, mo ní mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.