Èébù Ni Bàbá Ìmísí Bèèrè

Lọ́jọ́ tí àwọn ará àdúgbò tò sẹ́nu géètì láti bú Bàbá Ìmísí, òun fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó pé: MO N WA EEBU. ENI TO BA NI KO MU WA. GBOGBO RE NI MO MAA GBA. Iṣu ló fẹ́ gbìn sínú àwọn àpò sìmẹ́ǹtì tó ti ṣófo, èébù iṣu ló sì ń wá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ kíkọ pátákó fún àwọn onísọ̀, kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kankan rí. Ó ní àmì ohùn ń jẹ ọ̀dà, àti pé ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀ yóò mọ ohun tí òun ń wí.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní ìkòríta. Ó ṣí fìlà, ó kí Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Mo rí pátákó yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Orí yín ń dán bíi táyà tó ti jẹ tán, imú yín sì fẹ̀ ju géètì yìí lọ.”

Bàbá, tó ti ya ẹnu àpò sílẹ̀ dè é, kò lè pa ẹnu tirẹ̀ dé. “Kí lo mú wá?”

“Ó ti tán, sà. Àmọ́ tí ẹ bá ṣì ń fẹ́ sí i, ìyàwó mi ní púpọ̀ nílé.”

Kí oòrùn tó mú, èèyàn mẹ́tàdínlógún ti dé. Aránṣọ tó ń gbé yàrá tó kángun sí ti Bàbá kò tilẹ̀ dúró ronú. Tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ó sì kà á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá yé Bàbá, inú bí i débi pé ó gun orí àga.

“Irú àdúgbò wo lèyí? Èébú kún ẹnu gbogbo yín, ẹyọ èébù kan ò sì sí nílé ẹnikẹ́ni!”

Síbẹ̀, kò fi àmì sí i. Ó kàn ya àwòrán iṣu sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ kejì, èèyàn mẹ́fà wá ra iṣu.

Ìbínú ni ajílẹ̀ Bàbá. Ohun tó sì máa ń bí i nínú jù lọ ni kí èèyàn da ohun tó ṣì wúlò nù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ wá kó pàǹtí, yóò ti dúró sídìí rẹ̀ ṣáájú ọkọ̀ akópàǹtí, yóò máa tú u wò.

“Ta ló di èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí sínú ọ̀rá? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀ tí ẹ fi so ó lọ́rùn?”

“Bàbá, ìdọ̀tí ni,” aránṣọ dáhùn láti ojú fèrèsé.

“Ìwọ lo pè é bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ni ilẹ̀ ń pè é. Ata tí ò ń já lẹ́yìn ilé, tí o rò pé mi ò rí ẹ, inú irú ìdọ̀tí yìí ló ti jáde.”

Láti ọjọ́ náà ni aránṣọ ti ń da èèpo tirẹ̀ sínú àgbá tí Bàbá gbé sẹ́yìn ilé. Kò gbà pé Bàbá jàre o. Kò kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ata gùn ni.

Bí Bàbá ṣe gba orúkọ rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Ó lè máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó dúró gbọn-in, kó na ìka sókè: “Ìmísí dé!” Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ yóò sáré kó bàtà rẹ̀ wọlé, nítorí Bàbá ti gbin ata rí sínú bàtà ẹnìkan tó kàn bọ́ ọ láti fọ ẹsẹ̀. Irin ojú fáànù tó bàjẹ́ di ohun tí ẹ̀wà ń gùn. Ibùsùn ọmọ tó kán lẹ́sẹ̀ di ibùsùn ẹ̀fọ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ sì yí agboòrùn Onílé sódì, Bàbá so ó kọ́ abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó ń fi í gbe omi òjò. Onílé wá a títí kó tó gbójú sókè.

“Bàbá, agboòrùn mi kọ́ nìyẹn?”

“Òun ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ó ń lé omi. Ní báyìí, ó ń gbà á lálejò.”

Ibẹ̀ ni sùúrù Onílé tán sí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó mú bírìkìlà wá. “Bàbá, ilé mi ti di igbó. Sìmẹ́ǹtì ni màá dà sí gbogbo àgbàlá yìí, kó lè mọ́.”

“Kó mọ́? Ta ló sọ fún yín pé ilẹ̀ dọ̀tí? Ilẹ̀ ń mí, ẹ̀yin ń wá ohun tí ẹ máa fi dí i nímú! Tí òjò bá rọ̀, níbo ni kó gbà? Ṣé yàrá yín ni?”

“Ilé mi ni, Bàbá.”

“Ilẹ̀ ni tiyín. Ohun tó hù lórí rẹ̀, tèmi ni. Ẹ da sìmẹ́ǹtì yín gba abẹ́ ewé mi, kí ẹ má fọwọ́ kan ìkankan.”

Bírìkìlà bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ewé, ó ní ọ̀gá òun kò kọ́ òun ní irú iṣẹ́ yẹn.

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ọ̀fun àwọn méjèèjì fi gbẹ. Níkẹyìn, Onílé ní nítorí ọjọ́ orí Bàbá, òun kò ní fọwọ́ kan àgbàlá níwọ̀n ìgbà tí Bàbá bá ṣì wà láyé. Ọjọ́ tí Bàbá bá lọ ni sìmẹ́ǹtì máa wọlé. Dókítà ti sọ fún Bàbá nígbà náà pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, kó máa palẹ̀ mọ́. Ìbínú sìmẹ́ǹtì ló fi lo ọdún mẹ́sàn-án sí i.

Nígbà tí àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀ tán, orí ibùsùn ló ti ń ṣèwádìí ẹni tó da omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ nù. Aránṣọ jókòó tì í, ó ní kò sí ẹni tó dà á nù, ìdí tòmátì ni òun bù ú sí. Bàbá mí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ló kú, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ pé ó ti lọ lóòótọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, Onílé tún mú bírìkìlà wá.

“Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, sà?”

Onílé na ọwọ́ sí igun òsì. Tòmátì tó kù díẹ̀ kó pọ́n ló wà níbẹ̀. “Ó dáa, jẹ́ kí èyí pọ́n ná.” Nígbà tí tòmátì pọ́n, ẹ̀wà ti ń tanná. Nígbà tí wọ́n ká ẹ̀wà tán, ata ti kún orí igi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bírìkìlà wá, tó sì padà.

Ọmọ Bàbá obìnrin ló rí ìdí rẹ̀ nígbà tó ń palẹ̀ yàrá mọ́. Ara kàlẹ́ńdà ògiri ni bàbá rẹ̀ kọ ohun tí wọ́n máa gbìn lóṣooṣù sí, àti ọjọ́ tí wọ́n máa kórè rẹ̀. Ó tò wọ́n débi pé kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ilẹ̀ náà máa ṣófo. Ọmọ náà kó kàlẹ́ńdà àti ìgò irúgbìn fún aránṣọ, aránṣọ sì ń gbìn ín bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Nígbà tí òjò wá dá fún ọjọ́ mẹ́wàá, aránṣọ jí ní kùtùkùtù láti bomi rin àgbàlá, ó sì bá Onílé níbẹ̀. Onílé ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, korobá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé bírìkìlà ń bọ̀ lónìí ni?”

“Bírìkìlà kí? Ṣé o ò rí i bí ewé ṣe ń rọ ni?”

Kò gbójú sókè. Ó ń bu omi sí ìdí ata lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ jà. “Ẹ ò ṣeun rárá, Bàbá. Ata ò lè dá omi bù. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì lọ.”