Akèrègbè Lẹ́nu Díráyà

Ọjọ́ tí ìyàwó mi fi díráyà jó ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn, èmi wà níbi iṣẹ́ mi ní Ìlúpéjú, níbi tí a ti ń to fáànù. Nígbà tí mo padà dé Surulere nírọ̀lẹ́, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù irun rẹ̀ tó wà níwájú ilé wa. Orí àga àwọn oníbàárà ló jókòó sí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mo jó ọmọ yẹn lọ́rùn."

Ọmọbìnrin kan láti ìhà Costain ni, tó ń kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé. Áfúrò ló gbòde nígbà náà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Gbogbo ọmọge ló fẹ́ kí irun òun dúró yí orí ká, díráyà ni wọ́n sì fi ń nà án. Irun ọmọ náà ki, ó sì tutù. Ìyàwó mi ń bá a tàkúrọ̀sọ, ó ń sún díráyà mọ́ ọn kó lè tètè gbẹ. Kó tó mọ̀, awọ ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà ti bó.

Ìyá ọmọ náà wá lọ́jọ́ kejì. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, torí èmi kì í pẹ́ bínú, mo sì fẹ́ kó bú wa kí n lè rí nǹkan fi dá a lóhùn. Obìnrin náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn wo ìyàwó mi, ó ní, "Ìyàwó, ṣé o ò gbọ́ nígbà tó ké ni?"

Ìyàwó mi ní, "Mo gbọ́, mà. Mo rò pé ó ń rẹ́rìn-ín ni."

Ìyẹn ló dùn ún jù. Ó kó díráyà sínú páálí, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. Irun dídì nìkan ló kù tó ń ṣe, òun náà kò sì rọrùn mọ́. Tó bá ti dì í dé ẹ̀yìn ọrùn, á dáwọ́ dúró, á ní òun fẹ́ mu omi. Ní oṣù kẹta, ó sọ fún mi pé òun fẹ́ ta dígí ńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí òun lọ bá ìyá òun ṣòwò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rù bà mí. Obìnrin tí mo fẹ́, ẹlẹ́rìn-ín ni, tó bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára èèyàn. Mo mọ̀ pé tí dígí yẹn bá kúrò nílé, obìnrin náà ti lọ nìyẹn.

Mo bá fọwọ́ sọ́yà pé màá ṣe ohun kan sí ẹnu díráyà tí kò fi ní jó ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣebí èmi ni mò ń to fáànù, ta ló tún fẹ́ kọ́ mi ní afẹ́fẹ́? Mo gbé díráyà àti agolo mílíìkì lọ bá ọkùnrin kan tó ń fi páànù ṣe fìtílà ní Mushin. Mo ní kó bá mi fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa lọ tààrà sára irun, kó má yà sọ́rùn. A tan díráyà, mo gbé apá òsì mi síwájú rẹ̀. Ó ta mí bí agbọ́n. Afẹ́fẹ́ tí kò ráyè jáde ń gbóná sí i nínú agolo, agolo fúnra rẹ̀ sì gbóná bí ayọ́ọ̀nù. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irun lẹ fẹ́ gbẹ ni àbí ẹ fẹ́ yan àgbàdo?"

Mo gbé e wálé, mo sì ṣe òmíràn. Ẹnu èyí fẹ̀, mo sì fi ìṣó lu ihò sí i bí ajere. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n páànù náà ṣì ń jó èèyàn. Mo gbé e fún ìyàwó mi, ó wò ó, ó dá a padà fún mi. Mo ṣe ẹ̀kẹta, kò yàtọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a ń mu ògì. Igbá kékeré tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ ni ìyàwó mi fi ń mu tirẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko ni. Abọ́ tánganran ọ̀làjú ni tèmi, ó sì jó mi níka, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá igbá tirẹ̀ mọ́ àyà, èéfín ń jáde níbẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀.

Ó ní, "Kí lẹ ń wò?"

Mo ní, "Igbá rẹ ni."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo ra akèrègbè. Mo gé ọrùn rẹ̀ kó lè gba ẹnu díráyà, mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdí rẹ̀. Wáyà ni mo fi dè é, mo fi àlàfo bí ìka kan sílẹ̀ láàárín òun àti díráyà, kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa wọlé bá gbígbóná. Mo ti fẹ́ gé e kúrú kó lè dáa ní wíwò. Ìyàwó mi ló ní kí n dúró. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó gùn tó báyìí, kí n má lè sún mọ́ wọn jù bí ọ̀rọ̀ bá tún ń dùn mọ́ mi lẹ́nu."

Mo tan án sí apá mi. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́ bí èémí ọmọdé. Inú mi dùn débi pé mo ń ká apá ẹ̀wù sókè káàkiri ibi iṣẹ́, mò ń fi àpá iná ara mi han àwọn èèyàn.

Ìyàwó mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Costain, ó bẹ ọmọ náà pé kó wá. Ní ọjọ́ Sátidé, tìyá-tọmọ ló wá. Ìyá rẹ̀ yẹ akèrègbè náà wò tinú-tẹ̀yìn, ó ní, "Ta lẹ fi dán an wò?"

Mo ní, "Èmi ni, mà." Mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, mo nà án sí i, mo ń ka àpá náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ooru mú lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi sì ti ṣí gèlè. Ó tẹ̀ síwájú láti ki wáyà bọ iná. Ọmọ náà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Àǹtí, kí ló ṣe yín lọ́rùn?"

Àpá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti jinná, méjì ṣì pọ́n, ní ibi kan náà tí àpá ti ọmọ náà wà. Ìyàwó mi fi ọwọ́ bò ó. Ìgbà náà ló yé mi pé gbogbo èyí tí mo gbé wálé, tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yìn ọrùn tirẹ̀ ló ń tan án sí. Orí ibùsùn kan náà la jọ ń sùn. N kò rí i, torí apá ara mi ni mò ń wò.

Mo fa apá ẹ̀wù mi sílẹ̀. Ọmọ náà bá yí ojú sí dígí, ó tẹ orí síwájú, ó sì fi ọwọ́ kó irun kúrò lẹ́yìn ọrùn fún un.

Ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibí, Àǹtí."