Josiah Àbúrò Mi àti Òógùn Àwọn Ọmọ Ẹrúnmu

Àbúrò mi ni Josiah, èmi ni mo pọ̀n ọ́n ní ìlú wa, Ìrókò, nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé n kò mọ̀ ọ́n. Tíṣà ni. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ sọ pé òjò ń bọ̀, yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé bí omi ṣe ń di kùrukùru. Bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, a ti sùn lọ kó tó débi òjò.

Ọdún 1961 ni wọ́n gbé e lọ sí Ẹrúnmu pé kó máa kọ́ kíláàsì kẹfà ní ilé ìwé ìjọ. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà. Mo bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo tẹ̀ lé e. Mò ń dáná fún un, mo sì ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé. Bí n kò bá sí níbẹ̀, gààrí ni ì bá máa mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti kó ọmọ kún kíláàsì fọ́fọ́. Bó bá di nǹkan bí agogo mọ́kànlá, tí páànù òrùlé bá gbóná, àwọn ọmọ a máa tòògbé. Josiah a máa pariwo ìṣirò, àwọn náà a máa dá a lóhùn láìmọ ohun tí wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 1963, oyin tú nínú igi máńgòrò ọgbà ilé ìwé. Gbogbo ọmọ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n sáré dé ọjà. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Josiah ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ títí èémí wọn yóò fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ìṣirò sójú pátákó.

Ó délé lọ́sàn-án, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tí kò rí i ṣe láti oṣù mẹ́ta, wọ́n ṣe é lónìí."

Mo ní bóyá oyin ló kọ́ wọn. Mo ní kó jẹun.

Kò gbọ́. Láti ọjọ́ kejì, ó di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò fi gbogbo agbára sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá wọlé, wọn yóò jókòó, wọn yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọn yóò dijú, wọn yóò sì máa ka èémí wọn dé ọgbọ̀n. Mo gbọ́ ọ létí fèrèsé tó ń sọ fún wọn pé, "Bí ọkàn yín bá lọ sọ́jà, ẹ má bá a jà. Ẹ lọ pè é wá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan." Mo rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa tó ìgbà ìsinmi, mo dẹ́kun ẹ̀rín.

Mùjíbátù ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ọmọ Ṣítù àgbẹ̀ oníṣu ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Orí rẹ̀ kì í dúró sójú kan tẹ́lẹ̀. Bí eṣinṣin bá kọjá, ó ti bá a lọ. Ó wá gba yúnífọ́ọ̀mù àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣírò iye yáàdì tí ọmọ mọ́kàndínlógún yóò gbà, tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sórí tábìlì, tí mò ń pa á rẹ́. Ọmọ náà dijú, ó mí kanlẹ̀, ó sọ iye rẹ̀ fún mi. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló gbà á.

Gbogbo Ẹrúnmu ló mọ ohun tí Ṣítù sọ nípa ọmọ yìí. Ó ní bó bá yege ìdánwò òpin kíláàsì kẹfà, òun yóò rán an lọ sí ilé ìwé Mọ́dà, tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn kíláàsì kẹfà, n'Íbàdàn, kó máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Bí kò bá yege, kó lọ bá ìyá òun ta epo, kí wọ́n wá ọkọ fún un. Kò bínú sọ ọ́ o. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe. Ọmọbìnrin mélòó ló tilẹ̀ dé kíláàsì kẹfà níbẹ̀?

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé etí àwọn bàbá tó jẹ́ Mùsùlùmí pé Tíṣà ń ní kí ọmọ wọn dijú jókòó. Wọ́n ní àdúrà Kìrìsìtẹ́nì ni, ọgbọ́n ló fi ń gbà wọ́n wọ ìjọ. Àwọn mìíràn ní eré tí wọ́n ń sá yẹn, ṣé torí ẹ̀ làwọn ṣe yọ̀ǹda wọn kúrò lóko? Ọ̀gá ilé ìwé pe ìpàdé. Ọkùnrin náà ò fẹ́ràn ohun tí kò sí nínú ìwé, ó ní kí Josiah wá sọ tẹnu rẹ̀.

Josiah dìde. Ẹ̀rù ti ń bà mí kó tó la ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀jẹ̀, bó ṣe ń gun orí, ó lọ sórí afẹ́fẹ́, ó ti èdè òyìnbó bọ̀ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ ń wo ara wọn. Ẹnì kan yán. Ṣítù jókòó sí iwájú, ó ń gbìyànjú láti gbọ́, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo dìde láàárín àwọn obìnrin, mo ní, "Ẹ forí jì mí. Ohun tí àbúrò mi ń sọ ò le. Kì í ṣe àdúrà. Ó ní bí ọmọ bá ṣiṣẹ́ agbára títí tó fi làágùn láàárọ̀, orí rẹ̀ á jí, ìwé á wọ̀ ọ́ lórí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ilé dà rú fún ayọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àgbà kan ní ohun tí àwọn ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Josiah yíjú sí mi, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀gá ilé ìwé ní ìpàdé ti parí. Bí a ti ń lọ sílé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ìdajì sílẹ̀." Mo ní ìdajì tí mo sọ ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Inú mi ń dùn, kí n má purọ́.

Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ó di odindi lóòótọ́, odindi agbọ̀n iṣu. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí jí ọmọ wọn ní ìdájí. Àwọn tí kì í ru ẹrù kí wọ́n tó lọ sílé ìwé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ru ú, àwọn tó ń ru ẹyọ kan ń ru méjì. Àwọn ọmọ á dé kíláàsì pẹ̀lú òógùn, ọrùn á ti máa dùn wọ́n. Josiah ò lè ní kí wọ́n sáré mọ́. Bí ó bá ní kí wọ́n dijú ka èémí, kì í dé mẹ́wàá tí wọ́n fi ń hanrun. Ọ̀gá ilé ìwé wọlé bá wọn lórí oorun lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò fẹ́ rí eré sísá àti ojú dídì mọ́ títí ìdánwò.

Josiah ń ti agbo ilé kan bọ́ sí èkejì, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dín ẹrù àwọn ọmọ kù. Wọ́n ń fún un ní obì, wọ́n ń yìn ín. Wọ́n rò pé ojú ló ń tì í láti máa fún wọn níṣẹ́ ṣe. Ṣítù nìkan ló gbọ́ díẹ̀, ó dín ẹrù Mùjíbátù kù sí ẹyọ kan. Ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí jí pépé.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, Ṣítù wá gba yúnífọ́ọ̀mù tuntun tí mo rán fún Mùjíbátù. Mò ń tẹ ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípàdé ọjọ́sí, pé kí ọmọ làágùn, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí?"

Ọmọ mẹ́fà ló ń dúró dè mí lójúde. N kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, Bàbá Mùjíbátù."

Àárọ̀ ìdánwò, mo rí òun àti ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Yúnífọ́ọ̀mù náà ti tutù rin lẹ́yìn ọmọ. Ṣítù ń rẹ́rìn-ín, ó ní fún Josiah pé, "Tíṣà, ẹ má fòyà. Agbọ̀n mẹ́ta ló rù láti oko kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo sọ fún un pé ọjọ́ ńlá kì í ṣe ọjọ́ ẹrù ẹyọ kan." Máìlì kan àbọ̀ ni oko yẹn sílé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì lọ tó bọ̀. Agogo lù.

Àlejò ni wọ́n fi ṣọ́ ìdánwò, tíṣà wọn ò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn. Àbúrò mi dúró lábẹ́ igi, ó ń wo fèrèsé. Èmi náà ń wò ó. Mùjíbátù kọ orúkọ rẹ̀, ó ṣe ìṣirò méjì, ó gbé orí lé apá. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò jí i. Kí ni tiẹ̀ níbẹ̀? Mo fẹ́ pariwo. Josiah di ọwọ́ mi mú títí ó fi dùn mí, ó ní bí mo bá pariwo, wọn yóò lé ọmọ náà jáde.

Nígbà tí èsì dé, tí orúkọ Mùjíbátù kò sí lára àwọn tó yege, Ṣítù wá sílé wa. Ó gbé iṣu ńlá kan lọ́wọ́ fún Tíṣà, ó ní ó ṣe wàhálà lórí ọmọ òun. Ó jókòó sórí àpótí, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ń fọwọ́ ra á.

Ó ní, "Mo ti ronú sí i. Mẹ́ta ò tó. Ó yẹ kí n jẹ́ kó ru mẹ́rin."

Josiah dìde, ó wọ yàrá lọ. Ó ku èmi nìkan pẹ̀lú rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Mùjíbátù, ó tó. Ó pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípàdé, n kò sọ ọ́ tán."

Ó wò mí. "Kí lẹ fi sílẹ̀?"

"Pé kó jókòó, kó sinmi. Pé ìsinmi wà níbẹ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

Mo ní ìyẹn nìkan ni.

Ó dé fìlà rẹ̀. Kò bú mi, ì bá sì sàn bó bá bú mi. Ó ní ìyá òun ti wá mú ọmọ náà lọ sídìí epo láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.